Kóòtù Bàbá Láàbù

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọbìnrin náà ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò láàbù. Bó bá tún ṣubú lọ́la, wọ́n á ní kó fi ẹ̀kọ́ físíìsì sílẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Ẹgbẹ́ Físíìsì, àwọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀fẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tiwọn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò ju kó fi irin róbótó tó rọ̀ lókùn sílẹ̀ kó máa fì, kó ka àlọ àtàbọ̀ ogún, kó wo aago, kó sì ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó. Gbogbo ìgbà ni ìṣirò rẹ̀ ń ga ju ti ìwé lọ.

"Ilẹ̀ tìẹ ló yàtọ̀," Alága ẹgbẹ́ wí, bísíkíìtì lẹ́nu. "Ó ń fà ẹ́ ju bó ṣe ń fa àwa yòókù lọ. Máa gbìyànjú, mò ń bọ̀."

Ó wá ku òun nìkan ní yàrá ẹgbẹ́ lọ́sàn-án gangan, òun àti kóòtù búráùn tó wà lórí ìṣó. Kóòtù Bàbá Láàbù ni, òṣìṣẹ́ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó kú lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e kúrò.

Ó fi irin sílẹ̀. "Ọ̀kan." Irin lọ, irin bọ̀. "Èjì." Nígbà tó dé ẹẹ́wàá ló gbọ́ pé ẹnìkan ń bá òun kà lẹ́yìn, ohùn àgbà, jẹ́jẹ́, tí ikọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ka ogún. Ohùn náà ní, "Ọ̀kàndínlógún."

Ó bojú wẹ̀yìn. Kóòtù nìkan ni.

Eré tó sá, bó bá jẹ́ òun ni ìdánwò, ipò kìíní ni ì bá gbé. Àyà Alága ló fi orí sọ ní kọ́rídọ̀, ó sì ròyìn ohun tó gbọ́ fún un.

"Òkú tí ò mọ̀ ọ́n kà?" Alága rẹ́rìn-ín títí bísíkíìtì fi há a lọ́fun. "Jẹ́ ká lọ kọ́ ọ níṣirò."

Wọ́n padà. Ó tún kà á dé ogún.

"Ọ̀kàndínlógún," kóòtù wí.

Ẹ̀rín kú sí Alága lẹ́nu. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn ọmọbìnrin tí ò tó o léjìká. Àmọ́ ọmọbìnrin náà ò sá mọ́. Irin ló ń wò.

"Alága, ẹ má pe òkú lópè. Èmi ni mò ń pe ọ̀kan kí irin tó lọ síbì kankan."

Ó di irin mú, ó ní, "Òdo," ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé ogún, ohùn méjì ti di ọ̀kan. Ìṣirò bọ́ sójú ibi tí ìwé fi í sí gẹ́lẹ́.

Alága nawọ́ sí kóòtù. "Tí mo bá sùn síbí lọ́sàn-án, mo máa ń jí bá kóòtù yẹn lára mi. Akápò ẹgbẹ́ ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo rò pé òun ló ń bò mí."

"Kí ni Akápò wí?"

"Ó ní òun ò wọ yàrá yìí mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti sin Bàbá."

Ọmọbìnrin náà yege. Ó padà wá dúpẹ́, ó bá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan tó kọ̀yìn sílẹ̀kùn, tó ń pe ọ̀kan kí irin tó lọ. Ó dúró lẹ́bàá kóòtù, ó ń retí ohùn náà.

"Ogún," akẹ́kọ̀ọ́ náà kà.

Kóòtù kàn rọ̀ bí aṣọ lásán. Ọmọbìnrin náà dúró, ó dúró, nígbà tó yá òun fúnra rẹ̀ wúkọ́ díẹ̀.

"Ọ̀kàndínlógún," ló wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ojú fèrèsé ló gbà jáde.