Apá Tí Lẹ́tà Wòsàn

Ọjọ́ Jímọ̀ ni lẹ́tà ilé iṣẹ́ dé bá obìnrin kan nílé, ó sì ní apá rẹ̀ ti sàn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró, ó wá wo apá ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀já gbé kọ́ ọ lọ́rùn, bóyá apá ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà ṣáájú òun. Apá kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń ta á bó ṣe ń ta á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń gbé. Òun ló máa ń fa aṣọ tútù jáde nínú kẹ̀kẹ́ onírin, tí á máa fi í sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan yọ, tòun tẹrù ló ṣubú lù ú, ó gbá a mọ́ ògiri, eegun èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó sì tún sán. Oṣù méjì ṣáájú ló ti sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ń mì. Lẹ́yìn tó fara pa, òdòdó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Kí ló fẹ́ fi òdòdó ṣe?

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń bí i nínú. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ dé ìlú náà, òun ló gbọ́ èdè wọn jù, ló bá sọ ara rẹ̀ di agbẹnusọ ilé. Nígbà tí dókítà ilé iṣẹ́ wá sílé wá yẹ apá wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì jókòó dáadáa tí ọ̀gbẹ́ni agbẹnusọ ti ń ṣẹ́jú sí ìyàwó pé kó wá nǹkan fún àlejò mu. Ìyàwó yọ apá nínú ọ̀já. Ó fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbé ife omi fún un, ojú tì í, wọn kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíréè, ó wa eyín pọ̀, ó tún rẹ́rìn-ín sí àlejò. Dókítà wo tíréè, ó wo apá, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ó wá béèrè bí èjìká ṣe ń ṣe é. Kí obìnrin tó la ẹnu, ọkọ ti gba ọ̀rọ̀ náà: a dúpẹ́, ara ti ń le, kò séwu rárá, bí ẹni pé ìyá ìyàwó ló ń kí i lórí fóònù. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Òun rèé nínú lẹ́tà. Aláìsàn gbé tíréè láìsí ìrànlọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé ara rẹ̀ ti le. Kí ó padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá ní àròyé, kí wọ́n pe dókítà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní kí ọkọ òun pè. Ọkọ fárígá. Ó ní ṣé kí òun wá máa sọ fún ọmọ onílẹ̀ pé irọ́ lòun pa ni, àti pé kò dáa kéèyàn máa sunkún àìsàn sétí àjèjì. Jímọ̀ kọjá, Sátidé kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, inú obìnrin náà ti gbóná débi pé kò lè wo ojú ọkọ mọ́.

Ní kùtù Ajé, ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú ọkọ.

“Ẹ wọ̀ ọ́ fún mi.”

Ọmọbìnrin wọn ló ti ń bá a wọṣọ láti ọjọ́ yìí wá, torí ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ọkọ fi ń jáde. Bó bá sì wà nílé, ìyàwó a gbé ìrora náà mì kí ilé má bàa dàrú. Lọ́jọ́ Ajé yìí, kò gbé nǹkan kan mì. Ọkọ ki apá náà bọ ọwọ́ aṣọ, ó rọra gbé e sókè, kò tíì dé igbá àyà tí obìnrin náà fi ké. Ọmọbìnrin wọn sáré wọlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ọkọ fi apá sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

“Kò tíì wọlé tán,” ni obìnrin náà wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le koko. “Ẹ fà á. Ṣebí ara mi ti le.”

Kò fà á. Fóònù ló mú, ó pe dókítà, ó sì sọ ọ́ ní èdè wọn létí ọmọ rẹ̀: irọ́ lòun pa, ìyàwó òun kò lè ya irun ara rẹ̀, kò lè gbé apá dé àyà. Dókítà ní òun yóò padà wá lọ́jọ́bọ̀, kí obìnrin náà ṣì jókòó sílé.

Ọkọ gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Pẹ̀lẹ́.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ ti ń kí mi pẹ̀lẹ́,” ni ìyàwó wí. “Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan rí pé ibo ló ń dùn mí.”