Orin Ààlà Ilẹ̀ Bàbá Àlàkẹ́

Nígbà tí Àlàkẹ́ ṣe ìrìbọmi tó di Dorcas, kò rò pé òun pàdánù nǹkan kan. Ta ni yóò tún máa jó kiri inú oko? Ní ilé wọn ní Ìlọràá, àkọ́bí obìnrin ló máa ń kọ orin ààlà tí iṣu tuntun bá jáde. Yóò jó yí ilẹ̀ bàbá wọn po, yóò fẹsẹ̀ janlẹ̀ níbi ààlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì pe orúkọ ibẹ̀. Ibi méje ni.

Orin náà dùn débi pé Dorcas gbé ohùn orin náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yọ orúkọ méjèèje kúrò, ó fi orúkọ Jésù dípò wọn. Ìjọ pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Ogún ọdún ló fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1956, Àbọ̀dé, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, hú gbogbo pèrègún ojú ààlà, ó ní òun ló nilẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ ààlà ti kú tán. Àlàní, àbúrò Dorcas, wá dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orin yín nìkan ló kù. Inú ilẹ̀ yẹn ni a sin ìyá wa sí. Ẹ gbà wá."

"Má fòyà," ni Dorcas wí. "Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

Ní kóòtù, ó dúró lórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé orin, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó dé ibi orúkọ àkọ́kọ́, ó ní, "Jésù Olùgbàlà." Ó dá orin náà dúró. Ó tún un gbé. Jésù Olùgbàlà náà ló tún jáde.

"Àmín!" ni Àbọ̀dé ké, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Dorcas dé egungun, orúkọ kan ṣoṣo kò wá. Adájọ́ dúró títí ó fi sú u, ó gbé ilẹ̀ fún Àbọ̀dé.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, a ò ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ ìyá tó jọ wà lápá kan náà nínú ẹjọ́. Àlàní ṣíwájú, ó fi Dorcas sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gba oko lọ láti kó ìwọ̀nba iṣu tí Àbọ̀dé yọ̀ǹda.

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ Dorcas ṣe kan ebè, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jan ilẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ìdí Arère! Òkúta Ìyálé! Àkùrọ̀ Ọdẹ!" Orúkọ méjèèje pé, kò ku ọ̀kan. Ó ń jó, ó ń sunkún, àwọn ọmọ Àbọ̀dé dúró pẹ̀lú àdá, wọ́n ń wò ó.

"Àlàní, mo ti rántí o! Jẹ́ ká padà sí kóòtù!"

Àlàní kò gbójú sókè. Ó di iṣu rẹ̀ tán, ó gbé e rù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀."