Àpótí Àlàájà Ràfíátù

Gàníyù ti pé ọmọ ọdún méjìlélógójì kó tó di ọmọ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọdún 1984 tí wọ́n dá òun àti àìmọye ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé àná ṣe di ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fún Sàlàkọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo Ìwó ló rí i. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Sàlàkọ́ fúnra rẹ̀ kò wọ́ ọ nílẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é, kódà lọ́jọ́ tó bá gé pákó wọ́gọwọ̀gọ.

Ìyá rẹ̀, Àlàájà Ràfíátù, nìkan ni kò bá a dárò. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Wàá kan àpótí fún mi."

Nígbà tí Àlàájà lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ra aṣọ funfun kan, wọ́n fi omi Sàmúsàmú fọ̀ ọ́, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n ká a bọ̀ wálé. Òun ni wọ́n ní kí wọ́n fi sin àwọn lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Láti ọdún náà ló ti wà nínú ọ̀rá, tí wọ́n fi kọ́ sókè ibùsùn, eku àjà kò sì jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Aládùúgbò kan gbé àpótí páànù wá kí wọ́n fi kó aṣọ náà pamọ́, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Tọwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́."

Ni Gàníyù bá dáwọ́ lé e. Ó fi ràńdà fá pákó àfàrà títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Igun kan là, ó tún un kàn. Ìdérí kò bá ara àpótí mu, ó tú u palẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àpótí dúró lórí ilẹ̀ kò mì, ìdérí sì pa dé wẹ́kú.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di káfíńtà o!" ni Sàlàkọ́ pariwo. "Ẹ gbé e lọ fún Màmá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn gbé Àlàájà dè. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè jẹun mọ́. Gàníyù wọlé láti fún wọn ní ìròyìn ayọ̀, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí àpótí mi bá ti dé báyìí, ó parí. Mo ti ṣetán."

Ṣetán kẹ̀? Kí Gàníyù tó mọ ohun tó ń sọ, ẹnu rẹ̀ ti wí pé, "Ó ku díẹ̀, Ìyá mi. Ìdérí rẹ̀ ni kò tíì jókòó dáadáa."

Ẹ gbọ́ irọ́! Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti àpótí sábẹ́ tábìlì, ó da àpò bò ó, ó sọ fún Sàlàkọ́ pé òun ṣì fẹ́ kùn ún. Lọ́kàn rẹ̀, bí àpótí kò bá dé, Àlàájà kò ní lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin tó mọ̀wé! Ẹ má bú u jù, ẹ̀rù ikú ìyá rẹ̀ ló ń bà á.

"Gàníyù, àpótí mi ńkọ́?" ni wọ́n ń bi í ní gbogbo Jímọ̀.

"Ó ku díẹ̀."

"Nǹkan ń họ lókè orí mi o."

"Eku lásán ni, Ìyá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, kété tí wọ́n kírun àsùbá tán, Àlàájà dákẹ́.

Nàfísátù, ẹ̀gbọ́n Gàníyù obìnrin, àti àwọn tí yóò wẹ òkú ni wọ́n sọ ọ̀rá náà kalẹ̀. Eku ti lu ú. Ojú kan péré ló ti jẹ aṣọ tó wà ní kíká, àmọ́ nígbà tí wọ́n tú u, ihò tò lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin wo ara wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe Ààfáà. Ààfáà ní kò séwu, aṣọ funfun tó bá ṣáà ti mọ́, Ọlọ́run á gbà á. Wọ́n sáré ra òmíràn lọ́jà Odò-Orí. Gàníyù wà lára àwọn tó gbé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ibojì, nínú aṣọ tí Àlàájà kò fojú kàn rí.

Ọjọ́ fìdáù, èrò ṣì wà nílé nígbà tí Sàlàkọ́ ru àpótí dé. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Nàfísátù, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá, mà. Ẹ̀gbọ́n gbàgbé èyí sí ṣọ́ọ̀bù ni. Ó ti parí láti bí oṣù kan ó lé."

Nàfísátù ṣí ìdérí, ó pa á dé. Ó tún un ṣí. "Oṣù kan ó lé?" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ kọ́ lo ní ìdérí kò jókòó?"

Gàníyù bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn. "Mo rò pé wọ́n á dúró dè é ni," ló wí. "Mo ní bí mi ò bá gbé e wá, wọn ò ní lọ."

Ì bá wù ú kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú òun, kó tiẹ̀ gbá òun létí. Nàfísátù kò pariwo rárá.

"Wọ́n kúkú dúró dè ọ́, Gàníyù," ló wí, ó sì dìde lọ bá àwọn obìnrin lẹ́yìnkùlé.