Ọ̀pẹ Aràrá ní Iléeṣẹ́ Ìwọ̀n Gíga

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ọ̀sán gangan ni mo lá a. Mi ò kì í sun oorun ọ̀sán. Ẹni tó bá ń sùn lọ́sàn-án ń fi ojúmọ́ ṣòfò ni, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni púpọ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, mo jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì, mo ń pọ́n àdá, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ jẹ́jẹ́, n kò sì mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ fi àdá náà ṣe. Mo ní ọ̀pẹ kan. Kì í ṣe irú èyí tí à ń kọ ẹyìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló kó hóró mẹ́ta rẹ̀ wá fún mi, láti etíkun ibòmíràn tí ooru àti òtútù kì í pọ̀ jù, bíi tiwa níbí. Ẹyọ kan ló hù, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ewé rẹ̀ nà bí abẹ̀bẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé, igi náà kò ga ju orúnkún mi lọ, ṣùgbọ́n ó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n báyìí, wọ́n há mọ́ ìyá wọn lára.

Ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà jíjìn ló fi lẹ́tà kọ́ mi níṣẹ́ ọgbà. Ogún ẹ̀kọ́ ni, mi ò pa ẹyọ kan jẹ. Ẹ̀kọ́ keje sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá yọ ọmọ jù, kí a gé wọn kúrò, kí okun ìyá má bàa ṣòfò. Mo rò ó pé ohun tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu á bá ọ̀pẹ mu. Bí mo bá gé mọ́kànlá yẹn dànù, ìyá wọn á ga. Ìyàwó mi kò gbà.

“Baba Sènámì,” ni ó wí, “ọ̀pẹ yìí nìkan ló wà ní gbogbo àgbègbè yìí. Ẹni tó kó o wá fún yín ti kú. Bí ẹ bá ṣì í gé, ibo lẹ ti fẹ́ rí òmíràn?”

“Ìwé ni mo ń tẹ̀lé.”

“Ìwé ọ̀gẹ̀dẹ̀,” ni ó wí, ó sì wọlé lọ.

Bí oorun ṣe gbé mi báyìí, àdá tó wà lórí itan mi wúkọ́.

“Baba Sènámì, ṣé ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ yín?”

Mo ní kò sí.

“Èmi ò gé nǹkan láìsí ìwé àṣẹ o. Mo ní ọmọ nílé.”

Ó dùn mọ́ mi. Irinṣẹ́ tó mọ òfin ṣọ̀wọ́n. Mo gbé e sábẹ́ apá, a sì jọ gbọ̀nà Iléeṣẹ́ Ìwọ̀n Gíga.

Orí ọ̀sà ni iléeṣẹ́ náà wà, ó ń léfòó káàkiri bí ojú oró. A wa ọkọ̀ lé e títí. Nígbà tí a bá a, aṣọ́nà yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí a má bínú, iléeṣẹ́ ló pẹ́ dé síbi iṣẹ́ lónìí. Mo wo aago mi. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pẹ́. Wọ́n kọ ọ́.

Nínú ilé, okùn ni wọ́n fi so tábìlì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa fò lọ. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣebìkan fi téèpù wọ̀n mí láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Ẹ ti kúrú sí i láti àárọ̀, sà.”

“Èmi kọ́ ni mo wá wọ̀n.”

“Gbogbo ẹni tó bá ń fipá mú ẹlòmíràn pé kó ga ló ń kúrú, sà. Ẹ fọwọ́ síbí.”

Mo gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó orí tábìlì, mo sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n pe ọ̀pẹ mi. Ó wọlé tòun tàwọn ọmọ rẹ̀, omi ọ̀sà ń kán tó tó tó lára wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n fún ara wọn mọ́ra. Àwọn ọmọ náà kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ kú ọ̀sán, Baba.” Mo dá wọn lóhùn. Pé a fẹ́ gé ènìyàn kò ní ká má kí i.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, obìnrin kan tó wọ awò ojú méjì lórí ara wọn, wò wọ́n títí. “Èwo ni ìyá nínú yín?”

“Èmi ni,” gbogbo wọn dáhùn.

“Ìyá nìkan ni kó dìde.”

Gbogbo wọn dìde. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n jókòó.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣebìkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu irùngbọ̀n. Ó tọrọ àyè láti hu ìwo. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ kún, ó fọwọ́ sí i, ó sì jẹ ẹ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń di ewúrẹ́ nìyẹn láti ìpele kẹrin lọ sókè, ẹnikẹ́ni kò fo ipò. Ohun tó bí mi nínú ni pé àárín ni wọ́n ti ń jẹ fáìlì.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní,” ni mo wí. “Ẹ má fi nǹkan ìjọba ṣòfò.”

“Mẹ̀ẹ̀ẹ̀,” ni akọ̀wé náà wí, ó sì ṣí i padà síbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ló di ewúrẹ́ kẹ́yìn. Awò méjèèjì kò kúrò lójú rẹ̀.

“Baba Sènámì, a ti fi àṣẹ sí i. Ẹ nàka sí ìyá. Àwọn tó kù, a ó bá yín jẹ wọ́n tán. A kì í fi nǹkan ṣòfò níbí.”

Mo dúpẹ́. Mo na ìka, ìka náà kò sì mọ ibi tí yóò lọ. Àwọn ewúrẹ́ ń sún mọ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pọ́n ẹnu lá. Àyà mi já. Kì í ṣe nítorí ewúrẹ́; nítorí pé wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mi ò sì mọ ìdáhùn.

Mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ tọ gbòǹgbò wọn lọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Tèyí wọnú tìyẹn, bí ẹsẹ̀ àwọn tó jọ sùn lórí ẹní kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tẹ̀ sí etí mi.

“Baba, èyí tí ẹ ń pè ní ìyá, ó ti kú láti ìgbà òjò. Àwa la fi èjìká gbé e dúró. A ò fẹ́ kí ojú tì yín níwájú àlejò.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ẹ ò bi wá. Ìwé lẹ ń kà.”

Ọ̀gá ewúrẹ́ la ẹnu. Mo jí.

Ìka mi ṣì nà síwájú gbọnrangandan, aṣọ tí ìyàwó mi sá sórí okùn ni mo ń nà án sí. Mo ká a kò, mo mú àdá, mo lọ síbi ọ̀pẹ. Mo di ewé tuntun tó wà láàárín ìyá mú, mo rọra fà á. Ó yọ wẹ́rẹ́, bí òwú tó jáde lójú abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Mo fa ti ọmọ kan. Ó dì pinpin. Mo fa tèkejì, ó dì. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni mo fà, ẹyọ kan kò yọ.

Mo gé ìyá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbé àdá sókè. Mo kó o lọ síbi tí a ti ń sun ìdọ̀tí kí àrùn rẹ̀ má bàa ran àwọn yòókù.

Nígbà tí mo padà, Ìyá Sènámì ti jáde wá kó aṣọ. Ó wo ọ̀pẹ, ó wo àdá lọ́wọ́ mi.

“Baba Sènámì, mo bẹ̀ yín,” ni ó wí, “ẹ tún rò ó wò kí ẹ tó gé e.”

Mo wo ibi tí mo ti gé igi. Ewé àwọn ọmọ ti pàdé lórí rẹ̀. Àlàfo kankan kò sí níbẹ̀.

“Mo ti gé e,” ni mo wí.