Oògùn Inú Ìgò Fítámìn

Ẹ̀gbọ́n mi Àbíkẹ́ mọ nǹkan í fi pamọ́. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé wárápá ló ń ṣe Hameedat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ti ń ya páálí oògùn ọmọ náà sí wẹ́wẹ́, táá sì da àwọn hóró inú rẹ̀ sínú ìgò fítámìn. Ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìbà, yàrá kọjú sí yàrá ni, ojú àwọn ará ilé sì máa ń wọ yàrá ẹni ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní fítámìn ni. Káàdì ọsibítù gan-an, Abẹ́òkúta ló gbé e lọ, ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá wa. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi rẹ̀ mí.

Ó ní ìdí tirẹ̀ ṣá. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n so yìgì Hameedat àti Sherif, ọmọkùnrin kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí ìyá Sherif bá fi lè gbọ́ wárápá, ìgbéyàwó ti forí ṣánpọ́n nìyẹn.

Òjò ni ò bá wọn mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, àgbàrá ya wọ yàrá wọn, ìgò fítámìn ṣubú sínú omi, ìdérí rẹ̀ ṣí, oògùn inú rẹ̀ sì di ẹ̀kọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ ọ̀tún Hameedat ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, ife tíì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé ìyẹn. Ìgbà kan tó pa oògùn jẹ, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló ṣubú sí, àpá rẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀ dòní. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní kí wọ́n dìde, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di ṣọ́ọ̀bù Olúwadára, obìnrin apoògùn tó wà ní Ajangbadi.

Bí a ṣe wọlé, ta ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì? Ìyá Sherif. Ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Hameedat kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀gbọ́n mi náà kí i, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Ó sún mọ́ kántà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ bá mi wo oògùn kan. Ó funfun, ó rí róbótó, ó ní ìlà láàárín."

"Oògùn funfun tó nílà láàárín pọ̀ níbí, mà," ni Olúwadára dáhùn. "Kí ni wọ́n ń lò ó fún?"

"Ibà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ibà, àti fítámìn ọpọlọ."

"Ìwé dókítà ńkọ́?"

"Kò sí."

"Páálí rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí."

Olúwadára wo ọwọ́ Hameedat tó ń gbọ̀n. "Mà, ó jọ pé oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ lẹ̀ ń wá. Òfin ò gbà kí n kàn mú un lé yín lọ́wọ́. Àmọ́ òfin náà ò ní kí n máa wo èèyàn títí yóò fi ṣubú. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, tí dókítà tó kọ ọ́ bá fọwọ́ sí i fún mi lórí fóònù, mo lè fún un ní ìwọ̀nba táá gbé e dé ọjọ́ tí wọ́n á rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ àìsàn tó ń ṣe é fún mi, àti orúkọ oògùn, àti ẹni tó kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wo bẹ́ǹṣì, ó wo ilẹ̀. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí. Mo la ẹnu pé kí n sọ ọ́, Hameedat ṣáájú mi.

"Wárápá ni, Àǹtí. Èmi ni mo ń lò ó." Olúwadára ló kọjú sí, kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. Ó pe orúkọ oògùn náà, ó sọ bí ó ṣe ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, ó dárúkọ Dókítà Fẹ̀hìntọlá. "Mi ò tíì lò ó látàná."

Olúwadára fa àga fún un, ó sì fi nọ́ńbà tí Hameedat fún un pe dókítà náà. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò lọ. Ó tún un pè. Dókítà gbé e. Ó rántí Hameedat, ó fọwọ́ sí i, ó ní òun á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, kí ọmọ náà sì wá rí òun lọ́jọ́ Ajé.

Ibẹ̀ ni ìyá Sherif ti dìde.

"Ṣé Sherif mọ̀?"

"Ó mọ̀, Mọ́mì. Kó tó wá bá yín sọ̀rọ̀ mi ni mo ti sọ fún un. Òun ló máa ń pè mí láràárọ̀ kí n má gbàgbé."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó gbì sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo páálí tó ti ń ya látọjọ́ yìí, ọkọ ìyàwó sì ti mọ̀. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín kú. Àmọ́ ìyá Sherif ti kọjú sí àwọn ìgò ara ògiri.

Olúwadára kọ orúkọ Hameedat sára páálí, ó fún un lómi, ọmọ náà gbé hóró kan mì. Ẹ̀gbọ́n mi gba páálí náà. Mi ò rò pé òun gan-an mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya á létí.

Ìyá Sherif gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Hameedat, ẹ má ya á," ó ní. "Tó bá dé ilé wa, tí oògùn tán lọ́jọ́ Àìkú, kí ni mo máa fi han apoògùn?"