Con Mẹ́ta Lẹ́bàá Ògiri

Àwọn Harrington tó lókìkí pọ̀ lọ jàra. Ọ̀kan ṣe adájọ́ ní London títí orí rẹ̀ fi funfun. Òmíràn fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dolówó ní Amẹ́ríkà. Òmíràn tún wà tí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti ajá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ orúkọ náà, àwa ará Ireland ń jẹ́ ẹ, ẹni tó bá sì ní òun mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Beara tiwa, létí òkun Ireland, orúkọ tí gbogbo ayé ń jẹ́ kò wúlò fún nǹkan kan. Bí o bá dúró lójú ọ̀nà tí o pariwo "Harrington!", àgùntàn nìkan ni kò ní dá ọ lóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe oníkálùkù mọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí ibi tó ń gbé, tàbí àlébù tó wà lára rẹ̀. Ẹni tínú bá bí, kó gbé omi tútù mu.

Ellen jẹ́ Harrington láti ilé bàbá rẹ̀, Harrington ló sì fẹ́, kété kí àwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún 1921 tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ ni Con Peig, nítorí Peig ni ìyá tó bí i. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń bá màlúù sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Àbúrò Ellen, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni Con Òkè, nítorí pé orí òkè ni ilé wọn wà. Òun kò tíì láya. Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ létí àjèjì, ni pé Con Òkè wà lára àwọn ajàfómìnira tó yìnbọn lu lọ́rì àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bàá afárá, níbi tí sójà méjì kú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún, Mísà àdúgbò tó máa ń lọ láti ilé dé ilé kan ilé Julia, aládùúgbò Ellen. Julia ti fi ẹfun kun ògiri ìta, ó ti fọ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán, ó ti se ẹyin, ó ti gé búrẹ́dì funfun sórí tábìlì. Gbogbo èèyàn ti kúnlẹ̀ tán nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, tí Con Òkè yọ́ wọlé, tí koríko gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ellen fà á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé orí rẹ pé?"

"Ebi ń pa mí, Ellen. Inú koríko ni mò ń sùn bí ehoro. Jẹ́ kí n gbọ́ Mísà, kí n jẹ ẹyin Julia, kí n máa lọ."

"Wọ́n á pa ọ́."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ èwo nínú wa ni èmi ná." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ellen kò gbọ́ nǹkan kan nínú Mísà náà. Etí rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ọkọ Julia, Con Onírùngbọ̀n, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń ti àwo ẹyin sí Fadá níwájú. "Ẹ mú ẹyin kẹta, Fadá. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo jẹ́wọ́ fún yín láàárọ̀ yìí ju ti ẹyin méjì lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ìró lọ́rì.

Kò sáyè àtisá. Àwọn sójà ti yí ilé ká, wọ́n sì wọlé láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá wọn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ṣí fìlà nítorí Fadá. Ó kí wọn kú oúnjẹ. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yìí ló dẹ́rù ba Ellen ju ìbọn lọ, nítorí ẹni tó ń pariwo, a lè mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Con Harrington ni mo wá mú," ó wí.

"Èwo nínú wọn?" Con Onírùngbọ̀n bi í.

"Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde: arúgbó náà, ọkọ Ellen, àti àbúrò Ellen. Wọ́n tò wọ́n síbi ògiri tí Julia ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Wọ́n kó àwọn yòókù dúró sí ọ̀kánkán wọn. Ọ̀gá sójà ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ níwájú wọn.

"Ó yà mí lẹ́nu," ó wí. "Èmi náà, Harrington ni mò ń jẹ́."

"Áà, ìbátan wa!" Con Onírùngbọ̀n pariwo. "Ẹ ò ṣe kúkú wá fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú wa? Àyè ṣì wà."

Sójà kan fi ìdí ìbọn gún un níkùn. Arúgbó náà ká jọ, èémí rẹ̀ ń súfèé. "Ẹ má bínú, bàbá," ọ̀gá sójà wí, ó sì dúró títí arúgbó náà fi lè nàró padà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mi ò fẹ́ pa aláìṣẹ̀," ọ̀gá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹni tó ta wá lólobó ní Con tí à ń wá kò láya. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí obìnrin tó bá lọ́kọ níbí jáde wá mú ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ́kù ló ń bá mi lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá yìnbọn fún níbí."

Julia kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó sáré lọ, ó gbá ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó sì ń fà á bọ̀ bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun. "Tèmi rèé! Ẹlẹ́nu bí agogo! Wọlé kí n tó pa ọ́ fúnra mi!" Ó ń sunkún bó ṣe ń bú u.

Ó ku Ellen. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun ló kù, kò sì sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Ó bọ́ síwájú. Bó ti ń sún mọ́ wọn, ó rí i pé Con Peig ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti wá pàdé rẹ̀. Kí ló tún fẹ́ rò sí i? Aya rẹ̀ ló ń bọ̀. Ó wo Con Òkè. Èyí tí wọ́n ti ń kọrin nípa rẹ̀ nílé ọtí pé kìnnìún ni, sòkòtò rẹ̀ ti tutù níwájú. Ó ti tọ̀ sára. Lẹ́yìn ikú ìyá wọn, Ellen ló máa ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí.

Con Peig kò ṣe nǹkan kan, ó sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n á dá a sílẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó mọ iye àwọn tí wọ́n gbé sínú lọ́rì bẹ́ẹ̀ tí wọn kò dé àgọ́ láàyè. Ẹ̀rù ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló nà jáde lápá òun.

Ó di ọwọ́ Con Òkè mú.

"Ọkọ mi nìyí," ó wí.

Con Peig dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ọ̀gá sójà wo òrùka tó wà níka Ellen, ó wo ojú rẹ̀. Ó wo àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fadá, tó ń wàásù nípa irọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ń wo bàtà ara rẹ̀. Con Òkè náà kò sọ̀rọ̀. Ó lè sọ ọ́, ó lè ní èmi lẹ ń wá, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú gírígírí, ó panu mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé akọni ni.

"Ìwọ ńkọ́?" ọ̀gá sójà bi Con Peig. "Níbo ni aya tìrẹ wà?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí ọkọ Ellen bá na ìka sí i, ó parí. Ó ń gbàdúrà pé kó sọ̀rọ̀, ó ń gbàdúrà pé kó má sọ̀rọ̀, kò mọ èyí tí Ọlọ́run máa gbọ́ nínú méjèèjì.

Con Peig wo Ellen. Kò pẹ́ rárá tó fi wò ó.

"Apọ́n ni mí," ó wí. "Kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ mi."

Àwọn sójà fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì mú un gba iwájú Ellen kọjá, tímọ́tímọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ellen fi gbóòórùn wàrà lára kóòtù rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ń wò. "Kí ẹnìkan bá mi fún wàrà màlúù mi nírọ̀lẹ́ o," ó sọ fún gbogbo wọn, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́rì náà gbéra. Ṣùgbọ́n ọ̀gá sójà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fi sójà méjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pé kí wọ́n máa wo ojú àwọn obìnrin, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa sunkún. Wọ́n wo Ellen fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ sí, inú rẹ̀ yẹ kó dùn. Ellen fara mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.