Àwọ̀ Tí Kámẹ́rà Kò Rí

"Ta ló kun ògiri yìí?"

Ẹnu Olùdarí kò fẹ́ẹ̀ pa dé. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn àga bàbá rẹ̀ tó ti kú, níbi tí òróró orí bàbá ti fi àmì ràbàtà sí láti ọjọ́ pípẹ́, ti di àwọ̀ ewé. Iwájú àmì yẹn gan-an ló fẹ́ kí ìyá jókòó sí lónìí, kó má sọ nǹkan kan, kí fíìmù ẹbí tó ń ṣe parí síbẹ̀.

Nítorí irú àmì bẹ́ẹ̀ ló ṣe ta kú pé dúdú àti funfun lòun máa fi ya fíìmù ẹbí òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi àwọ̀ sí i, ó ní láéláé, àwọn èèyàn á kàn máa wo kọ́tìnnì ni. Orí kunkun ọ̀hún, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀.

"Èmi ni mo kùn ún," ni ìyá wí, ọ̀dà ṣì wà létí rẹ̀.

"Ẹ ti pa mí o, Màámi!"

"Ikú kọ́. Ọ̀dà ni."

Ojú Àwòdì, ẹni tó ń ya àwòrán, tan kámẹ́rà. Nínú rẹ̀, ògiri funfun bí eérú, kò sí àmì kankan mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi àwọ̀ ya ibí yìí nìkan."

Olùdarí mi orí. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. "Màámi, kí ló dé tó fi jẹ́ àwọ̀ ewé?"

Ìyá nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. "Bàbá rẹ ló fẹ́ ẹ. Ó bẹ̀ mí, bẹ̀ mí, mo ní ṣé ilé ìwòsàn nilé mi ni? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú láìrí i. Mo wá ní kí ẹ tó ya ilé yìí sínú fíìmù títí ayé, kí n ṣe é fún un." Ó wo kámẹ́rà. "Ó máa hàn, àbí?"

Ojú Àwòdì ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Kò ní hàn, Màámi," ni Olùdarí wí. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò jẹ́ parọ́ fún ìyá rẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi yìí, ẹ sọ ọ́ fún bàbá. Ẹ sọ bí àwọ̀ náà ṣe rí."

Ìyá kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà pátápátá. Ojú Àwòdì fẹ́ dá a dúró, Olùdarí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ni ìyá wí fún ògiri, "mo ti kùn ún o. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, tí oòrùn ń ta sí láti ẹ̀yìn. Ó mà dáa o. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Nígbà tó yá, Ojú Àwòdì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "àbí mo ṣèèṣì tẹ àwọ̀ ni?"

Olùdarí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi kámẹ́rà, ó wò ó. Eérú ṣì ni ògiri nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀, òun náà ti rí ewé níbẹ̀.